Èdè Wo Ni Wọ́n Fi Ń Gba Oscar? Lionheart, Aníkúlápó àti ilẹ̀kùn tí a fọwọ́ ara wa tì

   

Lónìí, àmì-ẹ̀yẹ sinimá la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá Oscar. Mi ò ní sọ̀rọ̀ aṣọ tí òṣèré wọ̀ tàbí ẹni tó gbá ẹnìkejì rẹ̀ létí. Ìyẹn ti pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: tí àwa bá ṣe fíìmù, èdè wo ló gbọ́dọ̀ máa sọ kí wọ́n tó gbà pé tiwa ni? Ta ló sì ń dáhùn ìbéèrè yẹn fún wa?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti November 2019.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré

Lọ́dún yẹn, Nàìjíríà fi fíìmù ránṣẹ́ sí Oscar fún ìgbà àkọ́kọ́. Lionheart ni fíìmù náà. Genevieve Nnaji ló darí rẹ̀, òun náà ló ṣe Adaeze, ọmọbìnrin tó ń wá bí yóò ṣe yọ ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀ nínú gbèsè ní Enugu. Pete Edochie ni bàbá, Nkem Owoh tí gbogbo wa mọ̀ sí Osuofia ni àbúrò bàbá. Àjọ̀dún fíìmù Toronto ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn ní 2018, Netflix sì rà á. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí Netflix gbé jáde lórúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀ka tí wọ́n fi í sí ni International Feature Film, ìyẹn ẹ̀ka àwọn fíìmù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Orílẹ̀-èdè 93 ló fi fíìmù sílẹ̀ lọ́dún náà. Ghana náà wà níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fi Azali ránṣẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù November, Academy, àwọn tó ń fún ni ní Oscar, ní kí Lionheart máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò tíì dìbò o. Kì í ṣe pé wọ́n wò ó tán tí kò dùn. Òfin ẹ̀ka yẹn ló ní pé ohun tó ju ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnu inú fíìmù gbọ́dọ̀ jẹ́ èdè mìíràn tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Lionheart gùn tó ìṣẹ́jú 95. Igbo tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ.

Ni Twitter bá gbiná. Ava DuVernay, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, bi Academy léèrè ní gbangba bóyá ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Nàìjíríà kò ní lè fi èdè ìjọba rẹ̀ díje láéláé. Genevieve náà fèsì. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà nìyẹn: èdè tó ju 500 ló wà nílẹ̀ wa, Gẹ̀ẹ́sì ni afárá tó so wá pọ̀, bí Faransé ṣe so àwọn tí Faransé jọba lé lórí. Ó fi kún un pé àwa kọ́ la yan ẹni tó wá mú wa sìn.

Ẹ má gbàgbé èyí: nínú oṣù kan náà, wọ́n tún yọ fíìmù kan tí Austria fi sílẹ̀. Joy lorúkọ rẹ̀, Sudabeh Mortezai ló darí rẹ̀, ìtàn àwọn obìnrin Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ ṣe aṣẹ́wó ní Vienna ló sì ń sọ. Ẹ̀sùn kan náà: Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ jù. Ẹ wò ó dáadáa. Fíìmù méjì, Nàìjíríà fi ọ̀kan sílẹ̀, Austria fi èkejì sílẹ̀, ohùn ọmọ Nàìjíríà ló sì kún inú méjèèjì. Wọ́n ní ohùn yẹn kì í ṣe ti àjèjì tó.

Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ ohùn jẹun, tí mo máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí mo ń gé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ní ìṣẹ́jú àáyá, mo mọ̀ pé a lè wọn èdè bí ẹni ń wọn gàrí. Ṣùgbọ́n irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í sọ fún ni bí èèyàn ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Ẹ gbé fóònù sí àárín tábìlì nílé yín lálẹ́ yìí kí ẹ gba ohùn sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ ó rí i pé Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti pidgin ti wọnú ara wọn bí ewédú àti gbẹ̀gìrì.

Ta ló ṣe òfin yìí, kí ló sì fẹ́ fi ṣe?

Ká lè mọ̀ bóyá ìyà ni wọ́n fi jẹ wá, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí òfin yìí ti wá.

Oscar àkọ́kọ́ wáyé ní oṣù May 1929, níbi oúnjẹ alẹ́ kan ní òtẹ́ẹ̀lì Hollywood Roosevelt ní Los Angeles. Pínpín àmì-ẹ̀yẹ náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Hollywood láàárín ara wọn ni. Ìgbà tí ogun àgbáyé kejì parí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wo ẹ̀yìn odi. Ní 1948, wọ́n fún fíìmù Ítálì kan, Shoeshine tí Vittorio De Sica darí, ní ẹ̀bùn àkànṣe. Kò bá ẹnikẹ́ni díje, wọ́n kàn fi yẹ́ ẹ sí ni. Ìgbà ayẹyẹ ọdún 1957 ni ẹ̀ka fíìmù elédè àjèjì wá di ìdíje gidi, La Strada ti Federico Fellini, Ítálì náà, ló sì gbà á.

Ẹ kíyè sí orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀ka náà: fíìmù elédè àjèjì. Ohun tí wọ́n ń wò ni èdè tó ń jáde lẹ́nu òṣèré. Fíìmù elédè Gẹ̀ẹ́sì láti ilẹ̀ mìíràn lè gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Ní 1949, Hamlet tí àwọn ará Britain ṣe ló gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ pátápátá. Nítorí náà, lójú Academy, ẹni tó bá ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ara ilé ni. Kó lọ bá àwọn ará ilé díje.

Lórí ìwé, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà iwájú náà lówó tirẹ̀. Kí fíìmù tó lè du àmì-ẹ̀yẹ àgbà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hàn ní sinimá ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, lẹ́yìn náà ni owó ìpolongo tó máa ń mú kí àwọn olùdìbò mọ̀ pé o wà láyé rárá. Ẹ̀ka ti òkèèrè kò béèrè ìyẹn. Ó kàn ní kí fíìmù hàn ní sinimá nílẹ̀ tó ti wá fún ọjọ́ méje ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Ọ̀kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́.

Áfíríkà ti gba àmì-ẹ̀yẹ ẹ̀ka yìí rí. Algeria ló kọ́kọ́ gbà á, ní 1970, pẹ̀lú fíìmù kan tó ń jẹ́ Z. Costa-Gavras tí wọ́n bí ní Greece ló darí rẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n sọ, ọ̀rọ̀ òṣèlú Greece ló sì dá lé. Ivory Coast gbà á ní 1977 pẹ̀lú Black and White in Color tí Jean-Jacques Annaud, ọmọ Faransé, darí. Faransé náà ló kún inú rẹ̀. Ìgbà tó di 2006 tí South Africa gbà á pẹ̀lú Tsotsi la tó gbọ́ Zulu, Xhosa àti èdè ìgboro Soweto. Ẹ rí nǹkan báyìí: Faransé kò ṣèdíwọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé jọba lé lórí lè fi èdè ọ̀gá àtijọ́ díje. Àwa tí ọ̀gá tiwa jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ Genevieve lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Òfin náà sì ti yí padà rí. Tẹ́lẹ̀, fíìmù gbọ́dọ̀ sọ èdè ìjọba ilẹ̀ tó fi í sílẹ̀. Ní 2005, wọ́n kọ fíìmù Private tí Ítálì fi sílẹ̀ nítorí pé kì í ṣe èdè Ítálì ni wọ́n sọ nínú rẹ̀. Ariwo pọ̀, wọ́n sì yí òfin náà padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kíá ni Canada fi Water ti Deepa Mehta sílẹ̀, fíìmù elédè Hindi, ó sì wọ inú márùn-ún tó kẹ́yìn.

Àwa nìkan sì kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti bá lájà rí. Ní 2007, Israel fi The Band's Visit sílẹ̀, ìtàn ẹgbẹ́ olórin ọlọ́pàá Egypt tó ṣìnà sí ìlú kékeré kan ní Israel. Báwo ni Lárúbáwá àti Júù ṣe máa gbọ́ ara wọn yé? Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta kọsẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Academy yọ ọ́ kúrò. Afárá ni Gẹ̀ẹ́sì inú fíìmù yẹn, gẹ́gẹ́ bí Genevieve ṣe wí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kò mọ afárá.

Ní April 2019, oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó yọ Lionheart, Academy pa orúkọ ẹ̀ka náà dà. Wọ́n ní "àjèjì" kò bá ìgbà mu mọ́, ó di International. Orúkọ ni wọ́n yí padà o, òfin èdè wà níbẹ̀ digbí.

Òfin kan náà, ojú kejì

Ká ní ibí ni ìtàn parí sí, à bá kàn bínú kí a sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo Wales.

Britain ló ni Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, tí Britain bá fẹ́ wọ ẹ̀ka yìí, kò lè mú fíìmù Gẹ̀ẹ́sì wá. Ta ló jàǹfààní ìyẹn? Àwọn ará Wales, tí èdè wọn, Welsh, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1994, Hedd Wyn, fíìmù elédè Welsh nípa ọ̀dọ́mọkùnrin akéwì kan tó kú sójú ogun àgbáyé kìíní, wọ inú márùn-ún tó kẹ́yìn ní Oscar. Ní 2000, Solomon & Gaenor, tí wọ́n sọ Welsh àti Yiddish nínú rẹ̀, tún wọlé. Òfin tó ní kí Gẹ̀ẹ́sì dúró síta ló fún èdè kékeré láyè láti wọlé.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Òfin tó ta wá ní ìfọ́tí ní 2019, tí èèyàn bá yí i síhà kejì, ìkésíni ni. Ó ń sọ fún Yorùbá, fún Hausa, fún Igbo, fún Ibibio pé: ẹ wá, ìhín ni àga yín wà. Ghana mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dagbani wà lára èdè tí wọ́n sọ nínú Azali, ẹnikẹ́ni kò sì lé e.

Nàìjíríà náà kẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ti Lionheart, The Milkmaid ti Desmond Ovbiagele la fi ránṣẹ́, Hausa, Fulfulde àti Lárúbáwá ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbà á wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé inú márùn-ún. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti lójú. Àfi bí 2022 ṣe dé.

Ọdún tí Yorùbá ní mẹ́ta lọ́wọ́

Kí a má purọ́, ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń ṣe sinimá. Ní 1976, Ola Balogun gbé Àjàní Ògún jáde. Lápá ìparí àwọn ọdún 1970 yẹn náà ni Hubert Ogunde gbé Ayé jáde, tí èrò ń wọ́ tẹ̀ lé e láti ìlú dé ìlú. Adeyemi Afolayan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ade Love wà lára àwọn òpómúléró náà. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ẹni tó ronú kan Oscar. Àwọn tó kún gbọ̀ngàn ni àmì-ẹ̀yẹ wọn.

Ọmọ àwọn baba wọ̀nyí ló dàgbà dé 2022. Lọ́dún yẹn, fíìmù Yorùbá ńlá mẹ́ta jáde.

Èkíní ni King of Thieves, tí a mọ̀ sí Àgẹ̀ṣinkólé. Femi Adebayo, ọmọ Adebayo Salami tí à ń pè ní Ọ̀gá Bello, ló gbé e jáde. Àbúrò rẹ̀ Tope Adebayo àti Adebayo Tijani ló darí rẹ̀. April ló dé sinimá, owó tó pa sì lé ní 300 mílíọ̀nù náírà. Àwọn tó máa ń sọ pé ọmọ Lekki kò ní sanwó wo fíìmù Yorùbá panu mọ́.

Èkejì ni Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí Biyi Bandele darí. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ìtàn èdè gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1940: ọba wàjà, ó yẹ kí Ẹlẹ́ṣin bá a lọ, àwọn òyìnbó amúnisìn dá sí i. Duro Ladipo ló kọ́kọ́ fi ìtàn yẹn ṣe eré ní Yorùbá, Ọba Wàjà. Lẹ́yìn náà, ní 1975, Wole Soyinka kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Death and the King's Horseman, ayé sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Bandele wá ń ṣe fíìmù rẹ̀, ó dá ọ̀rọ̀ náà padà sí Yorùbá. Odunlade Adekola ni Ẹlẹ́ṣin, Shaffy Bello ni Ìyálọ́jà. Bandele kú ní August 2022, oṣù kan ṣáájú kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Toronto.

Ẹ̀kẹta ni Aníkúlápó, ti Kunle Afolayan, ọmọ Ade Love fúnra rẹ̀. Ìtàn Sàró, ahunṣọ tó wá sí Ọ̀yọ́, tí ẹyẹ àkàlà jí i dìde lẹ́yìn tó kú, tí agbára yẹn sì wá gùn ún. Kunle Remi ni Sàró, Bimbo Ademoye ni Àrọ́lákẹ́. Netflix gbé e jáde ní ọjọ́ 30 oṣù September.

Mẹ́ta. Yorùbá ló kún inú wọn. Òfin ìdajì tó pa Lionheart kò lè fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn ní ti èdè.

Ní September 2022, ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù Nàìjíríà fún Oscar jókòó. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ló wà níwájú wọn. Wọ́n dìbò. Ohun tó sì borí nínú ìbò náà ni pé kò sí fíìmù kankan tó kúnjú ìwọ̀n. Nàìjíríà kò fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ariwo tún sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe Los Angeles là ń bá jà, ara wa ni. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ náà kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Mildred Okwo wà lára wọn. Kunle Afolayan tí òun náà jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Mo fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ. Ìgbìmọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kò sí. Tí a bá ń fi ohunkóhun tó bá ti wà nílẹ̀ ránṣẹ́, a jẹ́ pé yíyàn kò nítumọ̀. Ẹni tó bá wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa yóò rí àléébù. Aníkúlápó gùn, apá ibì kan nínú rẹ̀ ń fà. Àgẹ̀ṣinkólé fẹ́ràn idán orí kọ̀ǹpútà ju bí idán náà ṣe mọ́ tó lọ. Ẹlẹ́ṣin Ọba máa ń dúró bí eré orí ìtàgé nígbà mìíràn. Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn ní sáà Oscar kan náà. Ireland fi fíìmù kékeré kan ránṣẹ́, The Quiet Girl, tí Colm Bairéad darí. Ìtàn ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ ẹbí fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Kò sí ogun, kò sí ọba, kò sí ẹyẹ. Èdè Irish ló kún inú rẹ̀. Ireland náà, Gẹ̀ẹ́sì ló jọba lé e lórí. Àwọn tó ń fi Irish sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ níbẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ní January 2023, The Quiet Girl wọ inú márùn-ún tó kẹ́yìn, fíìmù elédè Irish àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Ilẹ̀ tí èdè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ gbé èdè náà sókè, ó ní: ẹ wá wo tiwa. Ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ti ń fi Yorùbá nájà, fi jà, fi gbàdúrà, ní mẹ́ta lọ́wọ́, ó ní: kò tíì tó. Èmi kò sọ pé ọ̀kan nínú mẹ́ta wa ì bá gbà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fíìmù tí kò kúrò nílé, ẹnikẹ́ni kò lè dìbò fún un.

Pidgin wọlé, àwa ńkọ́?

Ìtàn yìí ṣì ní ẹ̀yìn tó pani lẹ́rìn-ín. Ní 2023, Nàìjíríà fi Mami Wata ti C.J. Obasi ránṣẹ́, fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun tí wọ́n yà ní Orílẹ̀-èdè Benin. Lílis Soares, obìnrin ará Brazil, ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn fún iṣẹ́ náà ní àjọ̀dún Sundance. Èdè wo ni wọ́n sọ? Pidgin, pẹ̀lú Fon. Academy gbà á wọlé.

Ẹ ò rí nǹkan! Èdè tí olùkọ́ fi ń na ọmọ nílé-ìwé, tí òbí ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì tó fọ́, Oscar kà á sí èdè tó dá dúró. Gẹ̀ẹ́sì tí Adaeze fi ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Enugu, wọ́n ní ti ọ̀gá ni. Pidgin, wọ́n ní tiwa ni. Ká sọ tòótọ́, mi ò rí àṣìṣe nínú ìyẹn. Àwa fúnra wa ló pẹ́ kí a tó gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2024, Mai Martaba, fíìmù Hausa, ló lọ. Nítorí náà, tí a bá ka gbogbo rẹ̀ láti 2019 títí di 2024, fíìmù mẹ́rin ni Nàìjíríà fi ránṣẹ́: Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Igbo díẹ̀, Hausa pẹ̀lú Fulfulde, pidgin pẹ̀lú Fon, Hausa. Yorùbá tó ti ń ṣe sinimá láti 1976 kò sí níbẹ̀.

Ó wá kù sọ́wọ́ wa nílé. AMAA, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Áfíríkà tí Peace Anyiam-Osigwe dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Yenagoa ní 2005. Ìyá yẹn ṣe bẹbẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Síbẹ̀, AMAA ní ẹ̀ka kan lọ́tọ̀ fún fíìmù tó dára jù lọ ní èdè Áfíríkà. AMVCA tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 náà ní ti èdè abínibí lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀nà láti yẹ́ wọn sí ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe dún: ní Áfíríkà, níbi àmì-ẹ̀yẹ Áfíríkà, èdè Áfíríkà ní yàrá tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, Gẹ̀ẹ́sì sì jókòó sí pálọ̀ láìsí ẹni tó bi í léèrè. Ohun tí Hollywood ṣe ní 1957 náà la ṣe.

Ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín ṣá. Yàrá ẹ̀yìn ní ilẹ̀kùn. Ní February 2020, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n lé Lionheart, Parasite láti South Korea gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, ó sì gba ti fíìmù tó dára jù lọ pátápátá lálẹ́ kan náà. Kò tíì sí fíìmù tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní May 2023, nílé wa níhìn-ín, Aníkúlápó gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ pátápátá ní AMVCA. Fíìmù tí ìgbìmọ̀ ní kò kúnjú ìwọ̀n láti jáde nílé ló borí gbogbo fíìmù ilé, ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú.

Èmi kò gbà pé Oscar ni ìwọ̀n ayé. Ogunde kò ní ọ̀kan, Ogunde ni Ogunde. Ohun tó ń dùn mí kò ju èyí lọ: ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń kọ ìtàn fíìmù rẹ̀ sórí fóònù nínú dánfó ní Ọ̀jọ́ta báyìí, ó ní láti pinnu èdè tí àwọn èèyàn inú ìtàn náà máa sọ. Tó bá wo bí a ti ń pín àmì-ẹ̀yẹ, yóò rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà tó já geere. Ìtàn tí mo sọ lónìí ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ti ilẹ̀kùn mọ́ Lionheart. Welsh àti Irish ló ṣí i fún àwọn tó ni wọ́n. Tí o bá ń kọ fíìmù, jẹ́ kí ìyá náà bá ọmọ rẹ̀ wí ní èdè tí ìyá fi ń báni wí. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì wà lórí ìgbìmọ̀ lọ́la, tí Yorùbá bá tún ní mẹ́ta lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́.

Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ̀yin ì bá yàn? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ ìdí rẹ̀, ẹ má kàn sọ pé Bimbo Ademoye rẹwà. Ìyẹn a ti mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn fíìmù tí Ogunde ń gbé kiri nínú ọkọ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ máa wò wọ́n ní èdè yín. Ó dàbọ̀.